Dídìde Lórí Àga

N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà nígbà tó wà láyé, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ nísinsìnyí tó ti kú. Mo sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má bàa máa retí pé n óo dárí jì í nígbà tó bá yá.

Ọ̀gá mi ni, ní ọ́fíìsì kan ní Kàbà, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò ju ìwé dídàkọ lọ. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ ilẹ̀ ní abúlé kan, wọn á gbé ìdájọ́ náà wá fún wa, àwa á sì dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan fún ìdílé kìíní, ọ̀kan fún ìdílé kejì, ọ̀kan fún àpótí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀. Ó ti bàjẹ́ kí n tó dé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi kúrò. Ọwọ́ la fi ń kọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú kálámù tí a ń tì bọ tàdáwà. Àkáwú ni àwọn ará ọjà ń pè wá, bí àwọn Hausa ṣe ń pe akọ̀wé.

Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan. Ọ̀gá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Màláàmù, tó jẹ́ ọmọ àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tó ti pẹ́ ní Kàbà, jókòó sí àárín. Èmi ni mo wà lẹ́bàá fèrèsé. A ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, a ń ṣíwọ́ ní aago méjì. Ìdajì wákàtí kan ṣoṣo ni a ní láti fi jẹun ní àárín rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé ni mí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó wọ ilé ìwé. Àwọn ọmọ ọdún méje ni mo bá jókòó. Orúnkún mi kò wọ abẹ́ tábìlì wọn. Nígbà tí mo fi rí iṣẹ́ akọ̀wé, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún, mo ti gbéyàwó. Ọdún kan ni wọ́n fi ń dán akọ̀wé tuntun wò. Bí ọdún náà bá parí, Ọ̀gá á kọ̀wé nípa rẹ̀ sókè. Bí ìwé náà bá dára, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá dára, ó ń lọ.

Èmi kò ní ibi tí n óo lọ. Ní ọjọ́ tí mo di ẹrù mi lọ sí Kàbà, bàbá mi pín oko mi fún àbúrò mi. Kò bínú. Ó ní ènìyàn kì í fi ọwọ́ kan mú ọkọ́ àti kálámù. Àbúrò mi ti gbin kọfí sórí ilẹ̀ náà kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ta ni yóò gba ọlọ́gbọ̀n ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé sí iṣẹ́ mìíràn? Mo mọ ohun tí mo dì mú.

Ebè iṣu ni mo ti ń kọ láti kékeré kí n tó mọ lẹ́tà kankan. Ní oko wa, ẹni tó bá kọ ebè dé òpin ìlà kan gbọ́dọ̀ nàró. Á fi ọkọ́ ti ilẹ̀, á na ẹ̀yìn, á bojú wo ohun tó ti ṣe, á sì fi ìkíni ilẹ̀ wa kí ẹni tó wà ní oko kejì: “Okun o!” Ẹni náà á dáhùn. Ìgbà náà ni á tó tẹ̀ bá ìlà mìíràn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, òfin ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo fẹ́ fi agbára mi han bàbá mi, mo kọ ìlà mẹ́ta láì nàró. Ní ìlà kẹrin, mo fi ọkọ́ sá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara mi. Bàbá mi di ojú ọgbẹ́ náà, kò bá mi dárò. Ó ní, “Ọkọ́ kò mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ìwọ ló yẹ kí o mọ̀ ọ́n.”

Òfin yìí ni mo gbé wọ ọ́fíìsì. Ojú ìwé kan dà bí ìlà ebè kan lójú mi. Bí mo bá kọ ọ́ tán, n óo dìde, n óo na ẹ̀yìn, n óo na ìka, n óo dé ojú fèrèsé. Bí ẹnìkan bá ń kọjá, n óo kí i. N óo sì padà jókòó. Kò ju ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń bu omi mu lọ. N kò rò pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀gá kà á sí i.

Mo fi ọdún mẹ́ta ju ọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n “ẹ” ni mo ń pè é, ó sì ń pè mí ní “ìwọ”. Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí i sí. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀. N kò rò pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Bó bá jókòó ní aago méje, kì í dìde àfi fún oúnjẹ, títí aago méjì á fi lù. Ó ń fi í yangàn. Ó máa ń fa áṣáà símú lórí ìjókòó, á sín lẹ́ẹ̀mejì, á nu imú, á tún mú kálámù. Lójú tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, ó gbé ojú sókè.

“Níbo lò ń lọ?”

“Mi ò lọ ibì kankan, sà. Mo parí ojú ìwé kan ni.”

“Ojú ìwé ló parí. Iṣẹ́ ò parí. Jókòó.”

Mo jókòó. Mo kọ ojú ìwé mìíràn tán, mo tún dìde. N kò ṣe é láti fi tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ara mi ló dìde. Obìnrin kan tó ru igi ń kọjá ní ìta, mo kí i, “Okun o,” ó dáhùn.

“Àgbẹ̀!” Ọ̀gá ni ó pariwo bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò pe orúkọ mi mọ́. “Ta lò ń kí yẹn?”

“Obìnrin tó ń kọjá ni, sà.”

“O mọ̀ ọ́n?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wá ń kí i fún?”

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò kíni ni wọ́n ń bi léèrè ìdí.

Màláàmù rẹ́rìn-ín sínú ìwé rẹ̀. Òun ní tirẹ̀ kò ní ìyọnu. Bí ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, bá tó, á gbé kẹ́tùrù omi, á jáde. Á ṣe àlùwàlá, á tẹ̀, á dìde, á foríkanlẹ̀, á tún dìde. Á padà wọlé pẹ̀lú ojú tútù. Ọ̀gá kò lè dá a dúró. Bó bá dán an wò, gbogbo Kàbà ni yóò gbọ́. Mo máa ń wo ìwé tí Màláàmù bá kọ lẹ́yìn ìrun. Ó rí bí èyí tó kọ ní òwúrọ̀. Tèmi ní àkókò náà ti ń wọ́ bí ẹni tó mutí.

“Wá gba ẹ̀sìn wa,” ó sọ fún mi ní ọjọ́ kan níbi tí a ti ń jẹun, “kí o lè rí ẹ̀yìn nà.”

“Ẹ jẹ́ kí n parí ìdánwò Ọ̀gá ná,” mo ní, “kí n tó bẹ̀rẹ̀ ti Ọlọ́run.”

Ó rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi há a lọ́fun. N kò mọ̀ pé Ọ̀gá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì, a bá síléètì kan lára ògiri, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé kékeré fi ń kọ́ lẹ́tà. Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì kọ “Àgbẹ̀” sókè rẹ̀. Ní ìgbàkígbà tí mo bá dìde, á na ọwọ́, á fa ìlà kan sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á rí i. Àwọn baálẹ̀ rí i. Àwọn dògárì, ọlọ́pàá ọba tó ń bá wa gbé ìwé lọ sí abúlé, rí i, wọ́n sì ń ka ìlà náà sókè kí wọ́n tó kí mi. “Mọ́kànlá lónìí, Àgbẹ̀! Ebè rẹ pọ̀!” Ó tún ní kí wọ́n ti tábìlì mi kúrò lójú fèrèsé lọ sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì to àpótí ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jáde, ìhà ni mo fi ń wọ́ láàárín àpótí àti ògiri.

Ó ní, “Ìwé tí n óo kọ nípa rẹ lópin ọdún, ara síléètì yìí ni n óo ti dà á kọ.”

Mo mọ̀ pé kò ṣe àwàdà.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi nílé. Bùnú ni wọ́n ti bí i, ní ìhà Ayéwá. Aṣọ ni ó ń hun. Òfì rẹ̀ wà lára ògiri yàrá wa, ìdí òfì náà ló sì ń wà láti àárọ̀ bí kò bá sí ní ọjà. Ó gbọ́ mi tán, kò dá iṣẹ́ dúró.

“Ṣé ọ̀gá yín kò ní egungun ẹ̀yìn ni?” ó bi mí. “Bí òwú ọwọ́ mi bá tán, mo ń dìde kí n tó mú òmíràn. Bí mi ò bá dìde, etí aṣọ á wọ́. Ta ló máa ra aṣọ tí etí rẹ̀ wọ́?”

“Òun kọ́ ló ń ra ìwé,” mo ní.

“Ẹ̀yin náà kọ́. Àwọn tó ni ilẹ̀ ni.”

N kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn tó bó ṣe yẹ. Ohun tí mo gbé sọ́kàn ni pé oṣù kan àti ààbọ̀ ló kù kí ọdún mi pé. Mo pinnu pé n kò ní dìde mọ́. Oṣù kan àti ààbọ̀, kí ló wà níbẹ̀? Mo ti fara da ìjókòó láàárín àwọn ọmọdé fún ọdún mẹ́jọ.

Mo jókòó. Ní òpin iṣẹ́ ọjọ́ kìíní, Ọ̀gá nu síléètì náà mọ́, ó sì fi í sílẹ̀ lára ògiri ní òfìfo. Ọjọ́ kejì, òfìfo. Ọ̀sẹ̀ kejì, òfìfo. Ó ń nàka sí i fún àwọn àlejò. “Ẹ wò ó, mo ti sọ àgbẹ̀ di akọ̀wé.” Àwọn àlejò á yìn ín.

Ọrùn mi le bí igi. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ìka mi méjì á kákò mọ́ kálámù, n óo fi ọwọ́ òsì tú wọn sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí ó má bàa rí i. Bó bá di aago kan, àwọn ìlà ìwé ń gun ara wọn lójú mi. Mo ń kọ, ṣùgbọ́n n kò kà á mọ́. Ọwọ́ ló ń dá ṣiṣẹ́.

Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, ni mo da ìdájọ́ ilẹ̀ kan kọ láti abúlé kan lẹ́bàá Ayéwá. Ìdílé méjì ló ń jà sí ilẹ̀ iṣu. Ìdájọ́ náà kò nira. Ó ní: láti ìdí igi igbá dé etí odò, ti ìdílé kìíní ni, láti etí odò dé ìdí àpáta, ti ìdílé kejì ni. Etí odò lẹ́ẹ̀mejì, lórí ìlà méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Mo kọ dé etí odò kìíní, ojú mi bọ́ sórí èkejì, mo sì ń bá a lọ láti ibẹ̀. Nínú ẹ̀dà mi, láti ìdí igi igbá dé etí odò dé ìdí àpáta, gbogbo rẹ̀ di ti ìdílé kejì. Láti ara ẹ̀dà yẹn ni mo ti da méjì tó kù kọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu régí.

Òfin ọ́fíìsì ni pé Ọ̀gá á mú ìwé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, akọ̀wé á ka ẹ̀dà sókè, kí Ọ̀gá tó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ náà, aago méjì ku díẹ̀, dògárì ti di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wo ìwé náà láti òkè, ó ní ọwọ́ mi ti ń dára láti ìgbà tí ìdí mi ti mọ àga, ó sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta láì gbọ́ ìlà kan. Dògárì gbé méjì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ kó ìwé ilé ẹjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀dà kẹta sínú àpótí. Mo tún un kà. Àṣà ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé ni. N kì í gbà pé mo ti ka nǹkan tán. Mo rí i. Mo tún wò ó.

Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnìkan lè gun kẹ̀kẹ́ kó lé ìwé náà bá kí ìdílé kejì tó rí ẹni tí yóò kà á fún wọn. Mo sì mọ ohun tí Ọ̀gá yóò kọ nípa mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Mo kó ìwé náà sínú àpótí, mo pa á dé.

Ọjọ́ méjì kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá arúgbó kan wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti ìhà Ayéwá. Eruku pupa dé orúnkún rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó sì gbé iṣu kékeré kan tí kò tíì tó ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lé orí tábìlì Ọ̀gá, tòun ti ewé àti erùpẹ̀.

“Ta ló kọ ìwé wa?”

“Bàbá,” Ọ̀gá ní, “ẹ kọ́kọ́ gbé iṣu yín kúrò lórí ìwé ìjọba.”

“Ìwé ìjọba ló hú u. Jẹ́ kí wọ́n jọ wà.”

Ó ṣàlàyé. Ìdílé kìíní ni tirẹ̀. Ìdílé kejì ti rí ẹni bá wọn ka ìwé náà. Wọ́n gbé e lọ sí oko, wọ́n sì fi ìdajì ọjọ́ hú gbogbo iṣu tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ odò. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fa àdá yọ, òun ló dá wọn dúró. Ó ní wọ́n wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń dúró kí òun padà. Òun kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń dúró.

Ọ̀gá mú ìwé ilé ẹjọ́ jáde nínú àpótí, ó fi í wé ẹ̀dà. Ó nàka sí mi.

“Àgbẹ̀. Ìwọ ni.”

“Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i.”

“Ìwọ ń bá mi fèsì?”

“Ẹ ò kà á, sà.”

Ó dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i pé ó dìde kí àkókò tó tó. “Dídìde-dìde rẹ ló fà á! Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò gba ìjókòó, ṣé ọkàn rẹ̀ á gba iṣẹ́?”

“Ọ̀gá,” Màláàmù ní, kò gbé ojú kúrò nínú ìwé rẹ̀, “ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò dìde. Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń fi í ṣe fáàrí fún àlejò.”

“Ta ló bi ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i.”

Bàbá náà ń wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo àwọn ewúrẹ́ tó ń kan ara wọn lójú ọ̀nà tó fẹ́ gbà. “Ṣé ẹ ti jà tán?” ó ní. “Àwọn ọmọ mi wà lóko pẹ̀lú àdá.”

Ọ̀gá jókòó. Ó sọ fún mi pé kí n tún ìwé náà kọ, lójú ẹsẹ̀, kí dògárì bá bàbá náà padà.

“N óo kọ ọ́, sà,” mo ní. “Bí mo bá parí ojú ìwé kan, n óo dìde.”

Ó yí ojú sí ògiri.

Mo kọ ọ́. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka òsì tẹ ìlà náà nínú ìwé ilé ẹjọ́ kí ojú mi má bàa fò. Nígbà tí mo parí ẹ̀dà kìíní, mo dìde, mo wọ́ jáde láàárín àpótí àti ògiri, mo na ẹ̀yìn. Egungun mi ró. Bàbá náà ṣì wà ní ìdúró. Kò sẹ́ni tó fún un ní àga.

“Kí ló dìde fún?” ó bi Màláàmù, kò bi èmi.

Èmi ni mo dáhùn. “Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Bàbá.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹ̀yìn ń dun èmi náà.”

Mo padà jókòó, mo kọ ẹ̀dà méjì tó kù. Ọ̀gá ka ìwé náà pẹ̀lú mi lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ kéré. Bàbá náà mú tirẹ̀, ó mú iṣu rẹ̀, ó bá dògárì lọ. Kò kí wa pé ó dàbọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń dúró nígbà tí wọ́n dé oko, a gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣe ẹnikẹ́ni lọ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n iṣu tí wọ́n ti hú, kò sí ìwé tó lè dá a padà sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Ọ̀gá pè mí lẹ́yìn aago méjì. Màláàmù ti lọ. Ìwé tó kọ nípa mi wà níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó.

“Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn,” ó ní, “ta lo sọ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà.”

“Ṣé o máa sọ?”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé náà. “Ó dọwọ́ yín, sà.”

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ìlà méjì péré ni. Ó ní mo mọ iṣẹ́, mo sì tẹrí ba, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó ṣeun. Ó ní kí n jáde. Kò tún pè mí ní Àgbẹ̀ mọ́, kò sì pe orúkọ mi. Ọdún mẹ́rin ni a tún fi jókòó nínú yàrá kan náà, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni tó ń bá tábìlì sọ̀rọ̀. Mo ń dìde ní òpin ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fa ìlà fún mi. Ó kórìíra mi nítorí pé mo mọ ohun tó ṣe. Èmi kórìíra rẹ̀ nítorí pé kò mọ ohun tí èmi ṣe. Bó bá mọ̀ ọ́n ni, à bá jọ wà lórí ìwọ̀n kan.

Nígbà tí ìwé tó fi iṣẹ́ náà fún mi ti òkè dé, mo gbé e lọ sílé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyàwó mi wà ní ìdí òfì. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣu náà láti ẹnu àwọn ará ìlú rẹ̀ tó wá ná ọjà Kàbà. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ti di tiwa.

“Ẹ kú oríire,” ó ní.

Ó ń hun aṣọ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ọjọ́ wo ni bàbá yẹn wá sí ọ́fíìsì yín?”

Mo sọ ọjọ́ náà fún un.

“Ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ ò jẹun nílé yìí. Mo gbé àwo yín kúrò bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mo rò pé ibà ni.” Ó dá ọwọ́ dúró. “Ẹ ti mọ̀ kó tó wá?”

“Ọ̀gá ló fọwọ́ sí i láì kà á,” mo ní.

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.”

Ó dúró díẹ̀ fún èsì, nígbà tí kò rí i, ó mú òwú.

Aṣọ tó wà lórí òfì lọ́jọ́ náà, ó ti sọ fún mi pé ti ara òun ni, fún ìgbà tí a bá bímọ. Ó hun ún tán, ó tà á ní ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjà, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń di èbù iṣu tó fi owó aṣọ náà rà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi ewé tẹ́ àárín wọn kí wọ́n má bàa bó. Ó ní òun ń lọ sí ìhà Ayéwá. N kò bi í pé ta ni ó ń gbé e lọ fún. Àkókò gbíngbìn ti fẹ́ kọjá. Àwa méjèèjì la jọ mọ̀ pé èyí tó bá gbìn nígbà yẹn kò ní í ta dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a gbé e rù.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó ní. “Mo lè dá a gbé.”

Ó kúnlẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé orúnkún, láti orúnkún ó gbé e lé orí, ó sì nàró. Ó ti rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó wọlé lọ wọ aṣọ iṣẹ́ mi, nítorí aago méje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.